Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ pe ilé jọ: ìmọ̀ràn fún òbí tó fẹ́ padà sí ilé-ìwé

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, mo sì ń ka Business Administration lọ́wọ́ ní NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn lè ti inú ilé kàwé níbẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ń rí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì mi máa ń fẹ́ mọ bí àwọn náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń bi mí. Ọ̀rọ̀ ilé ni èmi máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: ta ló ń dáná, ta ló ń mú ọmọ lọ sílé-ìwé, ta ló mọ̀ pé ẹ fẹ́ kàwé? Nínú àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n já ìwé jù sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ni orí wọn pé dáadáa. Ilé ni kò gbà fún wọn.

Ti fọ́ọ̀mù ò gùn. Ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, kó lọ jókòó ṣe GCE, ìyẹn irú ìdánwò kan náà fún ẹni tí kò sí nílé-ìwé gírámà mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni WAEC ń ṣe tiwọn, NECO náà ń ṣe tiwọn lápá ìparí ọdún, ẹ sì lè pa èsì ìdánwò méjì pọ̀. Bí ìyẹn bá ti pé, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ ti dàgbà jù. Ọdún 1983 ni wọ́n dá NOUN sílẹ̀, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ó sì tún ṣí ní 2002 nígbà ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ padà lọ kàwé níbẹ̀, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítì ní 2018, lẹ́yìn tó ti pé ẹni 80 ọdún. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀ dẹ́rù bà yín: ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún nígbà tó jáde kò ní lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya

Ẹ má fi ìwé kíkà ṣe nǹkan ìkọ̀kọ̀. Mo mọ àwọn tó ti san owó sáà àkọ́kọ́ kí ẹnì kejì wọn tó gbọ́. Ìjà tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹ yan alẹ́ tí ara tu ẹ̀yin méjèèjì, tí àwọn ọmọ ti sùn. Ẹ sọ iye ọdún tó máa gbà, iye tí ẹ máa ná ní sáà kọ̀ọ̀kan, àti àwọn wákàtí tí ilé ò ní rí yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́ tẹnu ẹnì kejì.

Ọkọ mi ò ní kí n má lọ. Ó kàn ń dákẹ́ ni. Nígbà tó máa lanu, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, tó o bá kàwé tán, ṣé wàá ṣì máa gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu?" Ìwé mẹ́wàá lòun kà. Bí ọkọ tàbí aya yín bá bi yín ní irú ìbéèrè yìí, ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ẹ má sì wàásù fún un. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ dá a lóhùn tààrà. Mo sọ fún un pé bí a ṣe máa bójú tó owó ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo wa jọ ń jẹ ni mo fẹ́ lọ kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbé iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́. Ní NOUN, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní TMA tí a ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ló ni 30 nínú 100, ìdánwò ló ni 70. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá ti kọjá, ó ti tì nìyẹn. Ọkọ mi ni mo fi ṣe olùṣọ́ àwọn ọjọ́ náà. Ó kọ wọ́n sínú fóònù rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "N ò ní lè wá lọ́jọ́ Jímọ̀, TMA wa ń tì."

Ti ìyá ọkọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un. Bó bá jẹ́ ẹnu ìyàwó ló ti kọ́kọ́ gbọ́, ó lè rò pé ẹ ti fẹ́ máa ṣe bó ṣe wù yín.

Àwọn ọkùnrin kan máa ń sọ fún mi pé àwọn ò tíì rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Mo máa ń rán wọn létí Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀. Ní 1944, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó ti fẹ́ ìyàwó, ó ti bímọ. Màmá ló dúró sílé ti àwọn ọmọ, tó ń ṣòwò, títí Bàbá fi di lọ́yà ní 1946. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti ń kàwé nílẹ̀ Yorùbá tí ẹnì kejì ń gbé ẹrù ilé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọkùnrin náà lè gbé e fún obìnrin.

Bébà ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì

Ẹ mọ̀ pé kàlẹ́ńdà sítáì ló máa ń kún ara ògiri ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Mo yọ ọ̀kan nínú tèmi, mo gbé e relé, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun síta, mo sì fi rúlà tí mo fi ń ya pátánì pín in sí ọjọ́ méje. Ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Orúkọ gbogbo wa ló wà níbẹ̀: ẹni tó ń pọnmi, ẹni tó ń fọ abọ́, ẹni tó ń lọ mú àbíkẹ́yìn nílé-ìwé. Orúkọ bàbá wọn wà ní Sátidé, òun ló ń se ìrẹsì. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìdájí ni wákàtí tèmi, mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ kùn ún kó lè hàn. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹnu lásán pín, ìyá ló ń padà ṣe é.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi nìyí. Bí ìyá bá padà sí ilé-ìwé, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ nǹkan kan, ọ̀dọ̀ àkọ́bí obìnrin ni gbogbo iṣẹ́ ilé ń rọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀. Òun ló sún mọ́ ààrò jù, òun ni kì í jiyàn. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti dáná, ó ti fọ abọ́, ó ti wẹ̀ fún àbúrò, kò sì tíì ṣí ìwé tirẹ̀. Ìwé ìyá ń lọ síwájú, ti ọmọ ń padà sẹ́yìn, inú ilé kan náà ni! N kò rí èrè nínú sáítífíkéètì tó bá gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti kọ bébà yín tán, ẹ ka iye ìgbà tí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde. Bí ti obìnrin bá pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, ẹ tún un kọ. Ọmọkùnrin mi mọ ẹ̀bà tẹ̀, ó mọ gáàsì tàn, ó sì mọ àgbàlá gbá. Ọmọ tó bá wà ní JSS3 tàbí SS3, iṣẹ́ kan péré ni kẹ́ ẹ fún un. Ní ìparí sáà, ẹ tẹ́ èsì gbogbo ilé sórí tábìlì, tiyín àti tiwọn, kẹ́ ẹ jọ wò ó. Bí ti ẹnì kan bá já wálẹ̀, bébà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tó bá ọmọ wí.

Ohun tí ọmọ yín máa fún yín padà pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọmọ mi ló fi hàn mí bí mo ṣe máa wọlé sí ojú òpó ilé-ìwé, tí mo sì máa gba ìwé kíkà sórí fóònù. Òun náà ló kọ́ mi ní logarithm nígbà tí mo ń múra GCE. Bó ṣe ń kọ́ mi ló ṣe ń yé òun fúnra rẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín níbi tí nǹkan ò ti yé yín. Àbíkẹ́yìn mi máa ń gbé ìwé tirẹ̀ wá jókòó tì mí ní ìdájí, kò sẹ́ni tó pè é.

Owó àti òde

Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ẹ máa kọ́kọ́ yọ. Fún tiyín, ẹ dá àjọ lọ́tọ̀, kí alájọ má pa á pọ̀ mọ́ ti ọjà. Ẹ ka owó ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì mọ́ ọn, owó ìdánwò, dátà, àti ọkọ̀ lọ sí ibi ìdánwò. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, kó fi owó awò ojú kún un. Fóònù ni a fi ń ka púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà, ó sì ń dun ojú.

Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ àti ẹbí ṣáájú àkókò ìdánwò. Èmi kì í gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí tuntun bí ìdánwò bá ku oṣù kan, mo sì máa ń sọ fún oníbàárà ní tààrà. Bí ẹ ò bá lè dé òde, ẹ rán owó ìkíni, kẹ́ ẹ pe olóde fúnra yín. Àwọn kan á bínú. Wọ́n á tún padà wá ránṣọ.

Ohun tó wúlò jù fún mi nínú ìwé kíkà fúnra rẹ̀ ni pé mo máa ń fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí mo kà ní ìdájí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ibi tí ẹnu mi bá ti kọ́, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ò tíì yé mi nìyẹn, ibẹ̀ ni mo máa tún kà lọ́jọ́ kejì.

Bí nǹkan bá wá pọ̀ jù fún ilé, ẹ dín kọ́ọ̀sì kù, ẹ má sá kúrò pátápátá. Ní sáà tí àkọ́bí mi ń ṣe WAEC, kọ́ọ̀sì díẹ̀ ni mo forúkọ sílẹ̀ fún, ọkọ mi àti ọmọkùnrin mi pín iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ara wọn, èmi àti òun sì jọ ń jí ní aago mẹ́rin. Àwọn kọ́ọ̀sì tó kù, sáà tó tẹ̀ lé e ni mo ṣe wọ́n.