Ilé inú bọ́ọ̀sì, kọ̀nténà àti pọ́tákábíìn tó ń bu: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tí a wà lókè Ọya

Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù (AC) ni mò ń ṣe ní Kubwa, ní Àbújá. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni àwọn èèyàn wa tó ń gbé inú pọ́tákábíìn (yàrá àgbékalẹ̀ tó ṣeé gbé kiri), kọ̀nténà àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ di ilé ń pè mí sí. Ògiri tó ń bu ni. Mo kó díẹ̀ jọ nínú ìbéèrè wọn síbí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú bọ́ọ̀sì Coaster tí mo tún ṣe ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, a fi ń tajà láti Àbújá dé Jos. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi á ti máa ṣàn lára gíláàsì, àjà tó wà lókè ibùsùn náà á ti rin. Bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ lóru. Mo ti fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo orí mọ́tò, pàbó ló já sí. Ibo ni omi yìí ń gbà wọlé?

Ìdáhùn: Kò gba ibì kankan wọlé, àbúrò mi. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń pèsè rẹ̀. Omi tó ń bá èémí àti òógùn ẹnì kan jáde láti alẹ́ dé àárọ̀ lè tó ife kan. Ẹ ro ti ìkòkò tó ń hó mọ́ ọn, ẹ ro ti aṣọ tí ẹ sá sínú ilé mọ́ ọn. Iná gáàsì gan-an ń tú omi sílẹ̀: bí gáàsì kílò kan bá jó tán, omi tó lé ní lítà kan àtààbọ̀ ló ti bá iná náà jáde, kódà bí ẹ ò gbé nǹkan kan kaná. Nínú ilé oníyàrá mẹ́rin, ta ló máa mọ̀? Inú bọ́ọ̀sì há, kò sí ibi tí omi náà máa sá sí.

Jos sì ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sókè òkun, òru ibẹ̀ tutù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Irin àti gíláàsì á tutù ju afẹ́fẹ́ inú mọ́tò lọ, omi inú afẹ́fẹ́ á wá lẹ̀ mọ́ wọn lára, bí ìgò míńírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fíríìjì ṣe máa ń làágùn. Gọ́ọ̀mù ò lè wo ìyẹn sàn. Bí ẹ bá ṣe ń dí ihò tó, bẹ́ẹ̀ ni omi ń há mọ́ yín nínú tó.

Ẹ máa sùn pẹ̀lú àlàfo méjì tó dojú kọ ara wọn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Fífẹ̀ ìka méjì tó. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn, kí ẹ sì fi irin sí i nítorí olè. Bí owó bá wà, ẹ fi fáànù kékeré tó ń fa atẹ́gùn síta sí òrùlé, èyí tí bátìrì mọ́tò lè gbé. Ìta ni kí ẹ ti máa dáná. Bí ẹ bá dá a nínú, ẹ dé ìkòkò, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Láàárọ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì, ẹ lọ fún aṣọ náà síta, ẹ sì sá a síta. Mo ti rí ẹni tó nu gbogbo omi náà tán, tó wá fi aṣọ tútù ọ̀hún kọ́ orí sítíárìn.

Ẹ má ṣe torí òtútù gbé ìkòkò èédú wọnú mọ́tò kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí tòsí fèrèsé. Èéfín olóró inú wọn kì í rùn, a kì í rí i, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, pọ́tákábíìn ni wọ́n fún mi ní sáìtì wa ní Idu. Nǹkan dúdú ń yọ lára ògiri, àmọ́ ìlà gbọọrọ ni, láti òkè délẹ̀, àlàfo àárín wọn sì dọ́gba. Ṣé páìpù ló ń jò ni?

Ìdáhùn: Páìpù kì í jò ní ìlà tó dọ́gba. Férémù irin tó wà lẹ́yìn plywood lẹ ń wò yẹn. Ibi tí irin bá ti kan pákó ló máa ń tutù jù, ibẹ̀ ni omi máa ń kọ́kọ́ dúró sí, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ bu.

Síbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ nu ògiri gbẹ, ẹ gé fọ́ìlì ìdáná tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ fi sẹ̀lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pinpin mọ́ ibẹ̀, kó di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lójú tó kọjú sí yín, inú afẹ́fẹ́ yàrá ló ti wá. Bí ojú yẹn bá gbẹ, tí ẹ̀yìn fọ́ìlì wá rin, ògiri ló ń mu omi láti ìta.

Tó bá jẹ́ ti ìta, ọyẹ́ ni kí ẹ bi. Láti bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ọyẹ́ ti máa ń gbẹ gọ́ọ̀mù etí fèrèsé àti ti ẹsẹ̀ ìṣó òrùlé títí á fi sán. Òjò àkọ́rọ̀ Àbújá, tó máa ń bá ìjì rìn, á wá gba ibi tó sán wọlé. Kí ẹnì kan dúró sínú, kí ẹnì kejì máa fi rọ́bà da omi sí ìta ògiri, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, gbogbo ara ògiri á tutù, ẹ ò ní mọ ibi tó ti wọlé. Ẹ ha gọ́ọ̀mù tó ti kú kúrò, ẹ fọ eruku, kó gbẹ, kí ẹ tó fi tuntun sí i. Tuntun tí wọ́n lẹ̀ lé ògbólógbòó lórí kì í pẹ́ ṣí.

Tó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gbà. Fóòmù líle pẹlẹbẹ, irú èyí tí ẹ lè béèrè ní ọjà Dei-Dei, ni kí ẹ lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ irin. Mi ò fẹ́ràn èyí tó rí bí òwú: tó bá ti mu omi báyìí, ó di kí ẹ tú ògiri.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ló fẹ́ bà mí láṣọ jẹ́ o. Kọ̀nténà ẹsẹ̀ bàtà 20 ni mò ń gbé ní Lugbe. AC hp méjì ni wọ́n fi sí i. Inú ilé tutù rinrin, ṣùgbọ́n aṣọ òkè mi bu nínú àpótí, bàtà mi hu funfun.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. AC yẹn ló tóbi jù. Kí AC tó lè fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, ó ní láti ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀. Hp méjì á mú inú kọ̀nténà tutù kíákíá, á wá dákẹ́, omi á ṣì wà níbẹ̀. Hp kan ni èmi ì bá fi sí i. Kó tó dìgbà tí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wo rìmóòtù, ẹ tẹ ibi tí àwòrán ẹ̀kán omi wà. Iṣẹ́ gbígbẹ nìyẹn. Bí ẹ ò bá lò ó, ẹ gbé e sí 25 tàbí 26 dípò 18.

Ẹ ní kí ọmọ kan wo ẹnu páìpù tí omi AC ń gbà jáde lẹ́yìn ilé. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ti dí i pa ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo dé, omi á wá máa padà sínú ilé.

Ní àsìkò òjò, ẹ má ṣí fèrèsé nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́ o, torí omi ló kún inú afẹ́fẹ́ ìta. Nígbà tí oòrùn bá yọ ni kí ẹ pa á, kí ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ ṣí i láti àárọ̀ dalẹ́. Eruku nìkan lẹ máa bá jà. Aṣọ òkè yẹn, ẹ gbé e síta kí ẹ tó gbọn ọ́n, ẹ má gbọn ọ́n nínú yàrá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n gbé iyọ̀ àti èédú sí igun ilé. Káńfọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Káńfọ̀ kì í fa omi rárá, kòkòrò ló wà fún. Èédú lè dín òórùn kù. Iyọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi àfi tí ọ̀rinrin bá ti kọjá nǹkan bíi 75%, nígbà yẹn ilé ti ń bu. Calcium chloride, kẹ́míkà afami tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, dára fún inú kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe fún odindi ilé. Ẹ ra hygrometer, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin. Kó má kọjá 60%. Tó bá wà láàárín 30 sí 50, ẹ sùn fọnfọn.

Ìbéèrè: Èyí tó ti bu ńkọ́? Ṣé kí n kun ọ̀dà lé e?

Ìdáhùn: Á yọ jáde láti abẹ́ ọ̀dà. Irin, gíláàsì àti táìlì, ọṣẹ àti omi tó. Bí ẹ bá fẹ́ lo bílíìṣì, ife kan sí omi lítà mẹ́rin. Ẹ má pò ó mọ́ fíníigà, ammonia tàbí oògùn ìfọṣalángá, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ lo ìbọwọ́ àti ìbòmú N95, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) má bá yín dé ibẹ̀ rárá. Plywood tàbí àjà tó ti bu wọnú, ẹ gé e sọ nù.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ lọ sí Ìbàdàn fún Iléyá, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, òjò á sì máa rọ̀. Báwo ni kí n ṣe fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbé fóòmù nàró, ẹ má fi í sílẹ̀ pẹlẹbẹ lórí plywood, abẹ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bu. Ẹ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ yọ fíríìjì lára iná, ẹ nu inú rẹ̀ gbẹ, ẹ fi igi há ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ ti omi táńkì pa. Aṣọ tí ẹ bá fọ̀ lọ́jọ́ ìrìn-àjò, bí kò bá tíì gbẹ, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ gbé e lọ sí Ìbàdàn.