Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Ra Géèjì Tí A Fi Ń Wo Bí Kàtíríìjì Ṣe Gún Tó

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, àbúrò kan tí a jọ máa ń yìnbọn níbí ní Texas gbé géèjì tuntun, irú èyí tí a fi ń wo bóyá ọta jókòó tààrà nínú ìkarahun kàtíríìjì, wá sí ilé mi, ó sì ní kí n bá òun wò ó. Ìkejì rẹ̀ nìyẹn láàárín ọdún kan. Inú mi bàjẹ́ gan-an, nítorí owó tí ó ti ná sórí méjèèjì ìbá ti ra ọta àti ẹ̀tù tí yóò fi kọ́ ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́, kì í sì í ṣe òun nìkan ni mo ti rí tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń to kàtíríìjì fúnra rẹ̀, tí ó ń kó ìkarahun, ẹ̀tù àti ọta pọ̀, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N kò ní tún máa ṣàlàyé bí a ṣe ń fi dáì, irin oníhò tí ń dá ìkarahun padà sí ìwọ̀n rẹ̀, tún ìkarahun ṣe, bí a ṣe ń wọn ẹ̀tù àti bí a ṣe ń tẹ ọta wọlé.

Àṣìṣe kìn-ín-ní ni kí ènìyàn ra géèjì nígbà tí ìbọn rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹni tí ó ń dẹ àgbọ̀nrín ní 100 yáàdì kò ní rí ìyàtọ̀ kankan lára ẹran tí ó bá pa. Kí ó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀tù.

Àṣìṣe kejì ni ó ń gba oorun lójú mi: àwọn ènìyàn kì í béèrè ibi tí géèjì ti ń di kàtíríìjì mú. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí àtẹ. Ọ̀kan máa ń gbé ara ìkarahun lé orí ìrọ̀rí róbótó kéékèèké mẹ́rin, méjì nítòsí ìdí, méjì lẹ́bàá èjìká, ibi tí ìkarahun ti ń tín-ín-rín sí ọrùn tí ó di ọta mú, orí ọta á sì wà láìsí ohun tí ó dì í mú kí abẹ́rẹ́ dáyà, aago tí ń fi ìwọ̀n hàn, lè fọwọ́ kàn án bí a ti ń yí kàtíríìjì. Èkejì máa ń há kàtíríìjì mọ́ àárín ihò méjì, ìdí ìkarahun nínú ọ̀kan, ṣóńṣó ọta nínú èkejì. Ẹ fara balẹ̀ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ọta bá wọ́ láti ọrùn, tí a sì wá fi ipá mú ṣóńṣó rẹ̀ sí àárín gbùngbùn, ibi tí ó yẹ kí ó jó jù lọ, ìyẹn kí ó máa mì bí a ti ń yí i, ni a ti dè mọ́lẹ̀ yẹn; díẹ̀ nínú wíwọ́ náà ni yóò hàn lójú dáyà, àyàfi tí a bá mọ̀ pé ẹ̀bá ẹnu ìkarahun ni a ti ń wá a. Ṣóńṣó ọta tí a fi ń díje kì í sábà dán. Ihò kékeré wà lórí rẹ̀, etí ihò náà sì lè rí págunpàgun, nítorí náà géèjì náà lè di ẹ̀bi ṣóńṣó ru ìkarahun.

Irú èyí ni mo kọ́kọ́ rà, mo sì lò ó fún ọdún méjì. Ohun tí ó ń sọ fún mi ni pé kàtíríìjì mi kì í wọ́ ju ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì lọ, síbẹ̀ ọta mi ń fọ́n káàkiri ní 600 yáàdì, mo sì ń di ẹ̀bi ru awò ojú ìbọn. Ẹ̀gbọ́n kan ní pápá ni ó gba ogún kàtíríìjì .308 Winchester lọ́wọ́ mi, tí ó gbé wọn lé orí géèjì tirẹ̀ tí ó ń gbé ara ìkarahun. Mẹ́fà nínú wọn ń jó tó 0.005 íǹṣì. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra irú tí ó ń gbé ara ìkarahun, ẹ rí i pé ìrọ̀rí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣe é sún. Èyí tí àyè kò sí láàárín wọn kò dára, nítorí ìdọ̀tí bíńtín lábẹ́ ìdí ìkarahun yóò di nǹkan ńlá bí ó bá fi máa dé orí ọta. Ẹ sì máa wọn gbogbo kàtíríìjì ní ojú kan náà, nítorí bí a ti ń lọ sọ́dọ̀ ṣóńṣó ni iye tí dáyà ń kà á máa pọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ dáyà fúnra rẹ̀. Ìlà 0.01 mílímítà kò ju nǹkan bí 0.0004 íǹṣì lọ, nítorí náà ẹni tí ó rí ìlà mẹ́rin lórí dáyà mílímítà kò tíì rí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì. Mo ti rí ẹni tí ó kó odidi àpótí ìkarahun dànù nítorí àìmọ èyí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìlọ́po méjì ibi tí ọta yà sí kúrò ní àárín ni abẹ́rẹ́ ń rìn: bí ó bá rin 0.004 íǹṣì, 0.002 ni ọta fi yà. Dáyà tí sípíríńgì rẹ̀ le yóò máa ti ìkarahun kúrò lójú àyè rẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó ń bí mi nínú ni kí ènìyàn ra géèjì torí súkúrúù tí wọ́n fi ń ti ọta tí ó wọ́ padà. Mo fi irú rẹ̀ tún àádọ́ta kàtíríìjì ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tún wọn wọ́n, àwọn mìíràn ti padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ọrùn àwọn mìíràn kò sì di ọta mú dáadáa mọ́. Iṣẹ́ géèjì ni láti sọ ibi tí wíwọ́ ti wọlé. Ẹ mú ìkarahun kan ṣoṣo, kí ẹ fi ìǹkì dúdú sàmì sí ibi tí ó ga jù lára ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn tí mo yìn ín, 0.001, lẹ́yìn tí mo fi dáì tún un ṣe láìfi bọ́ọ̀lù tí ń fẹ ọrùn sí i, 0.001, nígbà tí mo fi bọ́ọ̀lù náà sí i, tí ó sì fa ọrùn bí ó ti ń jáde, 0.004. Ibẹ̀ ni àrùn náà wà. Òróró díẹ̀ nínú ọrùn mú un rọlẹ̀ sí 0.002.

Bí sisanra ọrùn kò bá dọ́gba, géèjì yìí nìkan kò lè sọ ọ́. Maikirómítà tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó ni ẹ nílò.

Ẹ má ṣe ra géèjì láìbéèrè bóyá ó gba ìkarahun yín, pàápàá ẹni tí ó ń lo kàtíríìjì ńlá bíi .338 Lapua.

Ẹ má ṣe fi òòlù kan kàtíríìjì tí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀, ohun yòówù tí dáyà bá sọ.

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé géèjì kankan, ẹ ra irin róbótó tí wọ́n lọ̀ dán gbinrin, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń wọn ihò, kí ẹ yí i lórí rẹ̀. Ohun tí mo ṣe sí géèjì tuntun ti àbúrò mi nìyẹn. Abẹ́rẹ́ rìn ní ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì. A fi aṣọ nu ìrọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a tún un yí, ó tún rìn. Mo yí wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé èyí tí ó wà lápá òsì nítòsí ìdí kò rí róbótó. Ó dì í padà sínú páálí rẹ̀ lójú mi, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó tà á fún un ní ọjọ́ Ajé.