Ẹ wo imú òòbẹ̀ kí ẹ tó pè é lórúkọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé ọmọ àdán ni òòbẹ̀. Bàbá mi ló là mí lójú. Lọ́jọ́ kan nínú oko kòkó wa lọ́nà Ìdànrè, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ àpáta kan, ó ní, "Wo imú rẹ̀ dáadáa." Awọ pẹlẹbẹ kan ká lé ihò imú ẹranko náà bí ewé, etí rẹ̀ sì ń gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́. Irú òòbẹ̀ onímú-ewé yìí ni mo fẹ́ kí ẹ lè dá mọ̀.

Bó ṣe rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn tó há mọ́ra wọn lókè àjà ilé wa ní Àkúrẹ́, tí ìrù wọn yọ gbọọrọ, kì í sábà ní ewé imú. Onímú-ewé máa ń fi ẹsẹ̀ rọ̀ dòòrò, á sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti èkejì rẹ̀.

Ẹ wá wo orí ewé náà. Bó bá ṣe ṣónṣó sókè bí ẹnu ọ̀kọ̀, irú òòbẹ̀ mìíràn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rhinolophus ni, kì í ṣe èyí tí à ń wá. Ti Hipposideros, ìyẹn onímú-ewé tí à ń wá, kì í ṣe ṣónṣó, roboto ló rí. Bí ojú rẹ̀ bá là láàárín, tí etí rẹ̀ gùn bí ti ehoro, Nycteris nìyẹn, irú òòbẹ̀ mìíràn tún ni.

Àwọ̀ ló ń tan èèyàn jẹ jù. Hipposideros caffer lè rí bí eérú, ó sì lè pọ́n bí epo pupa. Ọ̀kan náà ni. Hipposideros ruber tún wá jọ ọ́ débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Igbe wọn ni àwọn onímọ̀ ń fi ẹ̀rọ gbà. Imú ni wọ́n fi ń ké, kì í ṣe ẹnu, ewé náà ló sì ń darí ohùn síwájú. Igbe caffer tó nǹkan bí 140 kilohertz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga sí), bẹ́ẹ̀ etí wa kì í gbọ́ ju nǹkan bí 20 lọ.

Onímú-ewé mìíràn, Macronycteris gigas, kò ṣòro láti dá mọ̀: apá rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ lè ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Doryrhina cyclops, onímú-ewé mìíràn, ń gbé inú igi oníhò, irun rẹ̀ gùn, ó sì ki.

Ó máa ń dùn mí tí àwọn èèyàn bá ń sọ òòbẹ̀ lókò pé ó ń mu ẹ̀jẹ̀. Oríṣi 3 péré ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ayé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni gbogbo wọn wà, nínú ẹbí Phyllostomidae, àwọn onímú-ewé ti Amẹ́ríkà, tó ní oríṣi tó ju 200. Kòkòrò ni onímú-ewé tiwa ń jẹ.

Ẹ má wọ inú ihò, ẹ má sì fọwọ́ mú un: àrùn dìgbòlugi lè wà nínú ìbùjẹ rẹ̀. Ẹ dúró lẹ́nu ihò, ẹ tanná, ẹ ya fọ́tò kan. Bí wọ́n bá ti ń fò kiri, ẹ paná, ẹ máa lọ.