Bí a ṣe ń fún omi ọmú sílẹ̀ fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Ọmọ tí wọ́n bá bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, oṣù rẹ̀ kò pé nìyẹn. Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 32, tàbí tí wọn kò wọ̀n tó kílò kan àtààbọ̀, ni àìsàn ìfun tí àwọn dókítà ń pè ní NEC máa ń mú jù. Ìfun á wú, ara rẹ̀ á máa kú, ó tiẹ̀ lè lu. Kì í ṣe kòkòrò kan ṣoṣo ló ń fà á. Ìfun ọmọ náà kò tíì gbó, ẹ̀jẹ̀ lè má máa dé ibẹ̀ dáadáa, oògùn apakòkòrò tó sì pẹ́ lára rẹ̀ lè ti lé àwọn kòkòrò rere lọ. Bí ọjọ́ ọjà ló rí: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gba ibi ìpàtẹ. Omi ọmú ìyá ló ń jẹ́ kí àwọn rere tètè dé. Irú ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ kò lè dà; kòkòrò rere tí wọ́n ń pè ní Bifidobacterium ló ń jẹ ẹ́. Wàrà agolo kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó sì máa ń mú kí ewu NEC pọ̀ sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi ọmú sílẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, tó ki tó sì pọ́n díẹ̀, àwọn àgbà kan máa ń ní ká dà á nù. Ẹ má dà á nù o! Ẹ̀kán mẹ́ta péré wúlò, nọ́ọ̀sì á fi sìríǹjì fà á.

Ẹ gbé ọmọ sí àyà lásán fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá gbà. Omi ọmú á tètè wá. Ẹ fi àtàńpàkò sókè, ìka ìfábẹ̀là sísàlẹ̀, kí wọ́n jìnnà díẹ̀ sí orí ọmú. Ẹ tì í sẹ́yìn síhà àyà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dẹ ọwọ́. Ẹ má fa orí ọmú. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ láàárín ọ̀sán àti òru.

Ife tí a ń fún omi ọmú sí ni ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ní Kàbà, mo rí ìyá àgbà kan tó se ife fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ó yọ ọ́, ó rí i pé omi ṣì kù nínú rẹ̀, ló bá mú etí ìró tó fi nu imú ọmọ ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó fi nu inú ife náà mọ́ tónítóní. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un sè." Ẹ má fi aṣọ kankan nu ife tí ẹ ti sè, aṣọ mímọ́ pàápàá. Ẹ dojú rẹ̀ dé orí ọmọrí rẹ̀ tí ẹ jọ sè pọ̀, kí omi ro kúrò. Ìdí ife ni kí ẹ máa dì mú, kí ìka má wọ inú rẹ̀. Ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gé èékánná, kí ẹ bọ́ òrùka. Lásìkò ọyẹ́, eruku ilẹ̀ Ìyàgbà kì í jẹ́ kí ohun tí a kò dé mọ́ rárá.

Ife irin kékeré tó ní ọmọrí ni mo fẹ́ràn. Fídà kò ṣeé fọ̀ dénú. Ẹ má ra ẹ̀rọ ìfún-ọmú bí owó kò bá sí, ọwọ́ tó. Ẹ ya ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀ fún ife nìkan. Ti ọbẹ̀ kọ́.

Bí kò bá sí fíríìjì, wákàtí mẹ́rin ni òpin omi ọmú tí ẹ fún sílẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kó ju mẹ́ta lọ, nítorí ooru wa. Iná NEPA kò ṣeé gbára lé, ẹ fi yìnyín sínú kúlà. Bí wọ́n bá sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Lọ́kọ́ja, kí ìyá tẹ̀lé e, ó sàn ju kí a máa gbé ife sínú mọ́tò.

Àgbo ńkọ́? Rárá. Omi, oyin, rárá. Nọ́ọ̀sì ló ń díwọ̀n oúnjẹ, ẹ má fi kún un. Àwọn lẹ́bú kòkòrò rere tí wọ́n ń tà, dókítà ni kó pinnu ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, nígbà tí gbogbo ilé ti rò pé ewu ti kọjá, ni NEC sábà máa ń dé. Bí ikùn bá wú tó ń dán, bí èébì bá ní àwọ̀ ewé, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ọmọ kàn rọ jọwọrọ, ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, bó jẹ́ aago méjì òru. Ẹ má fọ ìledìí náà, ẹ gbé e lọ fi hàn án.