Omi inú ilẹ̀kùn Ìjàpá bàámi

Ìjàpá bàámi wà lára àwọn Volkswagen tí wọ́n tò l'Ékòó lẹ́yìn ọdún 1975. Lọ́jọ́ kan tí òjò dá, mo ti ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ó dún bíi kẹ́ẹ̀gì tí omi kù sí nísàlẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ti rin gbingbin, ó sì ti ń rùn. Rọ́bà ìdí gíláàsì ni mo dá lẹ́bi. Mo lọ ra tuntun ní Ládìpọ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀. Òjò tún rọ̀, kẹ́ẹ̀gì tún dún.

Ni mo bá tú ilẹ̀kùn. Mo yọ ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì, mo ki ọ̀bẹ tí kò mú bọ abẹ́ páálí, mo ń tú kílíìpù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ páálí ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Náílọ̀n tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Rẹwáyà tó fi sípíkà síbẹ̀ ti ya á dànù.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ń kan mọ́tò ládùúgbò wa. Ó rọra da omi ife kan sára gíláàsì láti ìta, mo tan iná fóònù sínú. Omi yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tuntun mi wọlé.

“Ẹ wò ó, ó ń jò!”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí rọ́bà tó lè dá gbogbo omi dúró lára gíláàsì tó ń lọ sókè sódò; àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀ pé omi á wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lu ihò sísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ibẹ̀.

“Àbúrò, ta ló dí àwọn ihò yìí?”

Èmi ni. Nígbà tí mo ń kun mọ́tò, mo rò pé ìpẹtà ló lu ú. Silikóònù ni mo fi dí i, mo tún fìka dán an.

Mo ha á kúrò, mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ dúdú àti ewé máńgòrò tó ti jẹrà ló kọ́kọ́ jáde, kí omi pupa tó dà. Mo jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, mo ha ìpẹtà, mo kun ún. Náílọ̀n ló dá mi lágara jù. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yí ká, àfi ìgbà tí mo rí i pé mo ti fi etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ síta. Inú ilẹ̀kùn ló yẹ kó wọ̀, kí omi tó bá kàn án lè kán padà sínú, kó wá ihò lọ. Mo bó o, mo tún un lẹ̀.

Nígbà tí òjò rọ̀ lánàá, mo dúró ní bàráńdà, mo ń wo omi tó ń kán lábẹ́ ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì ń dún bíi kẹ́ẹ̀gì.