Ẹ má ju bíárìn tó ti bàjẹ́ nù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ ata. Tẹ́ ẹ bá ra bíárìn tuntun, ìyẹn òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, ní ọjà Gate n'Ìbàdàn, ẹ tọ́jú ti tẹ́lẹ̀; òun lẹ máa fi ti tuntun wọlé. Ẹ fi ọ̀rá wé tuntun, kó sun inú fíríìsà mọ́jú. Irin tó tutù máa ń súnkì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ da omi gbígbóná sára ilé rẹ̀, ihò tó máa ń jókòó sí lára ẹ̀rọ, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé tuntun sẹ́nu ilé náà, ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ lé e lórí, kẹ́ ẹ máa fi òòlù gbá etí ìta rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí òòlù ba òrùka inú nìkan o! Owó ni mo fi kọ́ ìyẹn. Ẹ ti fi fáìlì ha ara ìta ti tẹ́lẹ̀ ṣáájú, kó má bàa há sínú ilé náà.

Ní ti púlì, àwọn àgbá tí bẹ́líìtì ń yí lórí wọn, ọ̀kan lára ẹ̀rọ, ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì, ẹ na okùn kọjá ojú méjèèjì; bí àyè bá yọ níbì kan, ẹ sún ẹ́ńjìnnì títí wọ́n á fi tò gún.