Bí A Ṣe Ń Wádìí Ẹni Tí Wọ́n Fi Sí Ìgbìmọ̀ Àṣà

Ìlù ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Èbúté Mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ilé àṣà ìjọba sì ká mi lára gidi. Bí wọ́n bá kéde ìgbìmọ̀ tuntun, wá òfin tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ná. Àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù Oníkàn, òfin ọdún 1979 ló gbé e dúró. Inú irú òfin bẹ́ẹ̀ lo ti máa mọ ẹni tó láṣẹ láti yanni.

Lẹ́yìn náà, wo orúkọ àwọn tí wọ́n yàn nínú àkójọ olùdíje tí INEC ń gbé jáde, kí o lè mọ̀ bóyá wọ́n ti du ipò òṣèlú rí.

Lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà ló kàn. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 fún ọ láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀, o ò sì ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un. Má béèrè fáìlì ara ẹni, òfin gbà wọ́n láyè láti fi ìyẹn pamọ́. Béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé, àwọn tó wá, àti owó ìjókòó tí wọ́n gbà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ka sí pàtàkì jù: èèyàn lè wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kó sì mọ iṣẹ́ ọnà dáadáa, àmọ́ ẹni tí kì í wá sípàdé ń gba àyè oníṣẹ́.

Jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà lẹ́tà tìrẹ, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún ọ ní àkọsílẹ̀ náà, o ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́.